Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ lọ wo àwọn ibi tí wọ́n ti ya fíìmù Harry Potter

Láti ọdún 2001 sí 2011 ni fíìmù Harry Potter mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland ni wọ́n sì ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ìtàn náà bá wọ̀ lọ́kàn lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibi tí Harry ti wọ ọkọ̀ ojú irin, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí tábìlì tí àwọn ọmọ Hogwarts, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oṣó inú ìtàn náà, ti jẹun.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ ná. Ibì kan wà tó jẹ́ pé àwọn ohun tí a rí nínú fíìmù gan-an ló wà níbẹ̀, ìyẹn ilé ìyafíìmù tó wà ní Leavesden. Àwọn ibòmíràn ti wà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣèré náà: ṣọ́ọ̀ṣì, yunifásítì, ilé olódi, afárá. Ńṣe ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù yá wọn lò. Ìkẹta ni àwọn òpópónà àti ṣọ́ọ̀bù tó ń fi orúkọ Harry Potter pe oníbàárà, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà fíìmù náà kò débẹ̀ rí. Òpópónà Shambles ní ìlú York àti Victoria Street ní Edinburgh wà lára wọn. Wọ́n rẹwà, ó sì dáa kéèyàn gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má torí wọn yí ètò ìrìn-àjò yín padà. Leavesden ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpó, kí gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: tíkẹ́ẹ̀tì Leavesden ló ń ṣáájú

Warner Bros. Studio Tour London ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí nínú Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Watford ló wà, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfúrufú ogun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Nǹkan bí ọdún 10 ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù náà fi jókòó síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ wọn sì parí, wọ́n ṣí i fún àlejò ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2012.

Wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá débẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo, ẹnu ọ̀nà náà ló ti máa padà. Ọjọ́ àti aago ìwọlé wà lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìsinmi iléèwé àti àsìkò Kérésìmesì sì máa ń kún ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Nítorí náà, ẹ lọ sí ojú òpó ilé ìyafíìmù náà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ọjọ́ tí àyè wà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tàbí hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá lè rí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú tí àwọn ọmọ wà níléèwé, ẹ mú un. Èrò kì í pọ̀ tó ti òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ó sì lè dúró pẹ́ níwájú ohun tó bá wù yín.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń mú èèyàn rìnrìn àjò máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yìí pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀sì láti àárín Lọ́ńdọ̀nù. Owó tiwọn máa ń ga jù, ṣùgbọ́n wọ́n wúlò lọ́nà kan: bí ojú òpó ilé ìyafíìmù bá sọ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ti kún, ó ṣeé ṣe kí àyè ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún 4 lọ kì í sanwó, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, nítorí náà ẹ kà á mọ́ra nígbà tẹ́ ẹ bá ń rà á.

Ẹni tó bá nílò físà láti wọ orílẹ̀-èdè náà, físà àlejò ni kó tọrọ, èyí tó máa ń gbà á láyè láti lo oṣù 6 ó pẹ́ jù. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, físà ló ṣáájú tíkẹ́ẹ̀tì. Kó má sanwó ohun tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà tó bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀nà ibẹ̀

Láti ibùdókọ̀ Euston ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń yára lọ sí Watford Junction. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni. Ẹ ṣọ́ra, torí pé ọkọ̀ mìíràn ń lọ láti Euston kan náà tó jẹ́ pé gbogbo ibùdó ló ń dúró sí, àsìkò tó ń gbà sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ lè fi káàdì báńkì tàbí Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣiṣẹ́ dé Watford Junction. Iwájú ibùdókọ̀ náà ni bọ́ọ̀sì ilé ìyafíìmù ti ń gbé èrò, ìṣẹ́jú 15 péré sì ni. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ rí i pé ẹ débẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ṣáájú aago tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé wọ́n máa ń yẹ àpò wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: inú ilé ìyafíìmù, ẹ má kánjú

Wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ ni àwọn tó ni ibẹ̀ máa ń sọ pé èèyàn ó lò. Lójú tèmi, ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì yan aago ìwọlé òwúrọ̀. Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó máa lé yín jáde. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ lè wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn.

Gbọ̀ngàn Ńlá Hogwarts ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ sì kọjá. Ẹ wo ilẹ̀: òkúta York gidi ni. Stuart Craig tó ṣe ọ̀gá àwọn tó ya àwòrán ilé àti yàrá inú fíìmù ló yan òkúta gidi, ìpinnu yẹn ló sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà gba ẹsẹ̀ àìmọye ọmọ láti fíìmù àkọ́kọ́ dé òpin. Àwọn àbẹ́là tó ń léfòó lókè ńkọ́? Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ya fíìmù, àbẹ́là gidi ni wọ́n fi wáyà tín-ín-rín so rọ̀. Iná ń jó wáyà náà, àbẹ́là sì ń já lulẹ̀, ni wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà ṣe é lẹ́yìn náà.

Irú nǹkan báyìí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Leavesden ju ibikíbi tí wọ́n kọ́ fún ìgbafẹ́ lọ. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà hàn lára gbogbo nǹkan. Nínú ọ́fíìsì Dumbledore, ọ̀gá àgbà Hogwarts, ìwé tó kún pẹpẹ dé òkè jẹ́ ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọ́n fi awọ bò. Bọ́ọ̀sì elése àlùkò alájà mẹ́ta tó gbé Harry sá lóru, ara bọ́ọ̀sì alájà méjì àtijọ́ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n gé so pọ̀ láti fi ṣe é. Ṣọ́ọ̀bù tí Harry ti ra ọ̀pá idán rẹ̀ ní páálí tó ju 17,000 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àkọlé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà kò ní ṣẹ́jú àáyá kan láti fi kà wọ́n. Ẹ sún mọ́ wọn, kí ẹ kà á.

Ọkọ̀ ojú irin pupa tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí Hogwarts wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ elééfín gidi ni, Olton Hall lorúkọ rẹ̀ kí fíìmù tó sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Igbó Èèwọ̀ pẹ̀lú aláǹtakùn ńlá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, Gringotts tó jẹ́ báńkì àwọn oṣó náà sì wà. Bí ọmọ kékeré bá tẹ̀ lé yín, ẹ sọ fún un nípa aláǹtakùn náà ṣáájú. Ọ̀nà mìíràn wà tẹ́ ẹ lè gbà yà á sílẹ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹ ṣáà bi òṣìṣẹ́ tó bá wà nítòsí.

Ní ìdajì ọ̀nà ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti ohun mímu aládùn tí wọ́n ń pè ní Butterbeer, tí kò ní ọtí nínú. Ìta níbẹ̀ náà ni ilé ìdílé Dursley, àwọn ìbátan tó tọ́ Harry, wà, nọ́ńbà 4 Privet Drive. Àwọn kan máa ń wá àdúgbò tí èèyàn ń gbé lọ torí ilé yìí. Kò pọn dandan, èyí tó wà ní Leavesden ló ṣeé wọ̀, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ilé rẹ̀.

Ní òpin ìrìn ni wọ́n tọ́jú àwòṣe Hogwarts sí, ilé-ẹ̀kọ́ náà látòkè délẹ̀, tí wọ́n dín kù sí ìdá kan nínú 24. Èèyàn 86 ló ṣe é fún fíìmù àkọ́kọ́, iná kéékèèké tó wà lára rẹ̀ sì lé ní 2,500. Iná yàrá náà máa ń yí padà láti ọ̀sán sí òru. Ọ̀pọ̀ èèyàn á yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú sórí rẹ̀, tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan á máa tàn. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ilé náà.

Ní ti owó: fọ́tò orí ìgbálẹ̀ tó ń fò ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ sétí náà sì ní tirẹ̀. Fún àwọn ọmọdé, ìwé ìrìnnà kékeré kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n á máa lù ní òǹtẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, ìyẹn á sì jẹ́ kí ojú wọn mọ́ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìdajì ọjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ibùdókọ̀ King's Cross, ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tí ìdajì rẹ̀ ti wọ inú ògiri lábẹ́ àkọlé pèpéle 9¾, ibi tí Harry ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Hogwarts. Ọ̀fẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ á fi síkáàfù bọ̀ yín lọ́rùn, ẹnì kejì yín sì lè fi fóònù ara rẹ̀ ya fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ayàwòrán wọn yà, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á tà á fún yín. Èrò máa ń tò gan-an lọ́sàn-án, torí náà òwúrọ̀ kùtù ló dáa jù. Ẹ mọ̀ pé wọn ò ya fíìmù níbi kẹ̀kẹ́ yẹn o. Àárín pèpéle 4 àti 5 ni wọ́n ti yà á, ilé pupa olórí ṣóńṣó tó sì hàn níta nínú fíìmù kejì, St Pancras tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí ọjà Leadenhall. Ilẹ̀kùn kan wà ní Bull's Head Passage níbẹ̀ tí wọ́n lò fún ẹnu ọ̀nà ilé ọtí àwọn oṣó nínú fíìmù àkọ́kọ́. Ẹ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, kí ẹ sì gba orí Millennium Bridge kọjá odò Thames, afárá tí àwọn oníṣẹ́ ibi wó nínú fíìmù kẹfà. Inú Australia House tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún báńkì Gringotts kò ṣí fún ará ìta, ìta rẹ̀ nìkan lẹ lè wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yan ọ̀kan nínú Oxford, Gloucester àti Lacock

Bí ọjọ́ yín bá kéré, Oxford ni kẹ́ ẹ mú. Nǹkan bí wákàtí kan ni láti ibùdókọ̀ Paddington. Ní kọ́lẹ́jì Christ Church, àtẹ̀gùn òkúta tí olùkọ́ McGonagall ti pàdé àwọn ọmọ tuntun wà níbẹ̀ gan-an. Gbọ̀ngàn ìjẹun tó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n wò ṣe Gbọ̀ngàn Ńlá, ṣùgbọ́n wọn ò yà á sínú fíìmù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń jẹun níbẹ̀, wọ́n sì máa ń tì í fún àlejò lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ tún lọ sí ilé ìkàwé Bodleian. Divinity School ni wọ́n fi ṣe ilé ìwòsàn Hogwarts, ibi ìkàwé Duke Humfrey tí Harry yọ́ wọ̀ lóru sì wà lókè rẹ̀. Kìkì ẹni tó bá tẹ̀ lé amọ̀nà ló lè dé Duke Humfrey, àyè rẹ̀ sì tètè ń kún.

Gloucester dáa fún ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ òkúta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kàtídírà rẹ̀ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ Hogwarts nínú fíìmù kìíní, ìkejì àti ìkẹfà, òrùlé òkúta rẹ̀ sì ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ilé ìjọsìn ni ṣá o. Bí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ dúró kí ó parí, ẹ má sì wọ aṣọ oṣó máa pariwo kiri níbẹ̀.

Lacock jìnnà díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin dé Chippenham, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì. Nínú ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ àtijọ́ yẹn ni kíláàsì olùkọ́ Quirrell wà, àti yàrá tí Harry ti rí àwọn òbí rẹ̀ nínú dígí. Ibẹ̀ kan náà ni William Henry Fox Talbot ti ya fọ́tò fèrèsé kan ní ọdún 1835, èyí tí nẹ́gátíìfù rẹ̀ ni àgbà jù lọ tó ṣẹ́kù láyé. Ẹni tó fẹ́ràn fíìmù yẹ kó dúró níwájú fèrèsé yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ojú irin lọ sí àríwá

Láti King's Cross kan náà ni ojú irin ti gùn lọ sí àríwá, ibi tí fíìmù dé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ṣáájú máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 kí ọjọ́ tó pé, ó sì máa ń dínwó gan-an sí ti ọjọ́ náà.

Durham tó wákàtí mẹ́ta. Ọdún 1093 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kàtídírà rẹ̀, àgbàlá inú rẹ̀ sì ni Harry ti tú òwìwí rẹ̀ sílẹ̀ nínú yìnyín. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Alnmouth lẹ́yìn èyí, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé ilé olódi Alnwick. Láti ọdún 1309 ni ìdílé Percy ti ni ín, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀ di òní. Lórí koríko ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ìgbálẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àlejò náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gba nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá ti ń wọlé, torí pé àyè kì í pẹ́ tán. Wọ́n máa ń ti ilé náà ní gbogbo ìgbà òtútù, nítorí náà ẹ má lọ láàárín oṣù Kọkànlá sí òpin oṣù Kẹta.

Ìgbésẹ̀ keje: afárá Glenfinnan

Afárá tí ọkọ̀ ojú irin Hogwarts gbà kọjá nínú fíìmù nìyí, ní Scotland, òun ló sì jìnnà jù. Láti Glasgow, ọkọ̀ ojú irin ń lò tó wákàtí mẹ́rin dé Fort William. Ọkọ̀ mìíràn wà tí èèyàn lè sùn nínú rẹ̀ láti Euston di òwúrọ̀.

Ọdún 1901 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Glenfinnan. Kọnkéré lásán ni wọ́n fi mọ ọ́n, láìsí irin nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ojú 21, ó sì ga tó mítà 30. Jacobite ni orúkọ ọkọ̀ elééfín tó ń gba orí rẹ̀ láti Fort William dé Mallaig, nǹkan bí kìlómítà 66. Ìgbà ìrúwé sí ìgbà ìkórè nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń tán kíá. Ẹ má retí ẹ́ńjìnnì pupa, Leavesden ni ìyẹn wà. Dúdú lèyí sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ń lọ sí Mallaig, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí kẹ́ ẹ lè rí bí afárá náà ṣe tẹ̀.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì Jacobite bá tán, kí ọkàn yín má bàjẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ScotRail lásán ń gba orí afárá kan náà látọdún dọ́dún, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti Jacobite.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ọkọ̀ náà láti ilẹ̀, kó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó Glenfinnan, kó sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ dé orí òkè. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kéré, ó sì máa ń kún kí ọkọ̀ elééfín tó dé. Ẹ débẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun ojú irin torí fọ́tò, òfin kọ̀ ọ́, ọkọ̀ kò sì lè dúró lójijì fún èèyàn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kọjá, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí adágún Loch Shiel tó wà ní òdìkejì títì, omi yẹn ni adágún Hogwarts.

Ẹ mú aṣọ òjò dání láìka bí ojú ọjọ́ ṣe rí láàárọ̀ sí. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, kòkòrò kéékèèké tó ń jẹni máa ń kóra jọ níbẹ̀ tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀, nítorí náà ẹ ra oògùn tí wọ́n ń fi pa ara ní Fort William kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì wo aago ọkọ̀ tó ń padà dáadáa, torí pé ìwọ̀nba ni ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ lóòjọ́.